Nígbà Tí Oko Di Àbọ̀ Sinmi Ilé

Àwọn àgbà ló wí pé ilé làbọ̀ sinmi oko. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ òwe yìí rí, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì le rárá: oko ni iṣẹ́ wà, ilé ni ìsinmi wà. Ẹni tí ó bá ti ìdí ebè dé, tí oòrùn ti na ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹgba, ilé ni yóò ti wẹ̀, ilé ni yóò ti jẹ ọkà rẹ̀, ilé náà ni yóò ti na ara sílẹ̀ lórí ẹní. Bí ẹnì kan bá sọ fún bàbá bàbá mi láyé ọjọ́sí pé òun ń lọ sóko láti lọ sinmi, bàbá ì bá ní kí wọ́n tètè wá nǹkan ṣe sí orí onítọ̀hún.

Ẹ wá wo ayé òde òní. Bí ọjọ́ Ẹtì bá ti di ìrọ̀lẹ́ l'Ékòó, ẹni tí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í fi ilé rẹ̀ ṣe ibi ìsinmi mọ́. Oko ló ń wá lọ. Yóò kó aṣọ díẹ̀ sínú báàgì, yóò kó ìyàwó àti ọmọ sínú ọkọ̀, yóò sì sanwó gidi kí wọ́n lè jẹ́ kí ó sùn síbi tí igi wà, tí àkùkọ ti ń kọ, tí kò sí ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Òwe ti yí sódì. Oko ti di àbọ̀ sinmi ilé. Mo fẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin òǹkàwé jọ wo bí ó ṣe yí, àti ẹni tí ó ń ru ẹrù rẹ̀. Ibi tí n ó dúró sí láti máa wò ó ni Ṣàngó Toll Gate, lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, níbi tí ìpínlẹ̀ Èkó ti pàdé ìpínlẹ̀ Ògùn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín. Ṣàngó Toll Gate kẹ̀? Ibi tí kọ̀ǹdọ́ ti ń pariwo "wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o," tí kẹ̀kẹ́ Maruwa àti ọ̀kadà ń du ọ̀nà mọ́ tírélà lọ́wọ́, tí èéfín ilé iṣẹ́ ń rú sójú ọ̀run? Bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ gan-an. Ojú ọ̀nà yìí ni ẹni tí ń sá fún Èkó ti máa ń kọjá, ibẹ̀ náà ni a sì ti lè rí i pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó wà lójú ọ̀nà ló ń lọ sinmi.

Ibodè kan, orúkọ méjì

Kò sí géètì kankan ní Toll Gate mọ́. Ní nǹkan bí ọdún 2004 ni ìjọba àpapọ̀, lábẹ́ Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, fòpin sí gbígba owó lójú àwọn ọ̀nà ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n sì wó àwọn ilé agbowó náà lulẹ̀. Orúkọ nìkan ló ṣẹ́ kù. Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà náà ń wọ ọkọ̀ "Toll Gate" lójoojúmọ́, kò sì rí géètì kankan níbẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n gbígba owó lójú ọ̀nà kì í ṣe ohun tí òyìnbó kọ́ wa. Kí ọkọ̀ tó dé ilẹ̀ yìí ni ìlú Yorùbá ti ní ibodè, tí oníbodè sì jókòó níbẹ̀ tó ń gba owó ẹyọ lọ́wọ́ oníṣòwò tó bá ru ẹrù kọjá. Ẹni tó bá ni ọ̀nà ló ni owó. Ohun tí ojú Ọ̀tà sì rí nìyẹn. Ìlú Àwórì ni Ọ̀tà, lábẹ́ Ọlọ́tà, ó sì wà láàárín àwọn Ẹ̀gbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ Abẹ́òkúta dó ní nǹkan bí 1830 àti etí òkun tí ìbọn àti ọjà òyìnbó ti ń wọlé. Àwọn Ẹ̀gbá ń fẹ́ ọ̀nà dé etí òkun. Ní 1842, wọ́n ṣẹ́gun Ọ̀tà. Kì í ṣe pé ilẹ̀ Ọ̀tà dára ju ilẹ̀ tiwọn lọ. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ń jà fún.

Nítorí náà, láti àtètèkọ́ṣe, ibi àkọjá ni agbègbè yìí. Kò sẹ́ni tó ka oko Ọ̀tà sí ibi ìsinmi nígbà náà. Ẹni tó ń lọ sóko ń lọ ṣiṣẹ́ ni, ẹni tó ń kọjá lọ́nà sì ń gbàdúrà kí òun délé láyọ̀.

Ọjọ́ ni ìsinmi wa, kì í ṣe ibì kan

Ṣé àwọn baba wa kò wá ń sinmi ni? Wọ́n ń sinmi dáadáa. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ló yàtọ̀ sí tiwa. Ọjọ́ ni wọ́n yà sọ́tọ̀, wọn kò ya ibì kan sọ́tọ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ Yorùbá àtijọ́: ọjọ́ Awo, tí í ṣe ti Ifá, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta, tí í ṣe ti Ṣàngó, àti ọjọ́ Ọbàtálá. Àwọn àgbà a máa pè é ní márùn-ún nítorí pé wọ́n máa ń ka ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọjọ́ tí a parí. Olúkúlùkù ń pa ọjọ́ òrìṣà tirẹ̀ mọ́. Oníṣàngó kì í dédé gbé ọkọ́ lọ sóko lọ́jọ́ Jàkúta. Yóò bọ òrìṣà rẹ̀, yóò gbó orógbó, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò jókòó tì í, ẹmu yóò wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà "ọ̀sẹ̀," tí a fi ń ka ọjọ́ méje lónìí, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pa ọjọ́ òrìṣà mọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó ti wá bá wa.

Ìsinmi ńlá náà wà, èyí tí í ṣe àkókò ọdún. Àwọn tó ti wà ní abà fún oṣù mélòó kan yóò ti ẹgàn wá sílé láti ṣe ọdún. Ẹ̀fẹ̀ àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí àwọn ará Ọ̀tà gbajúmọ̀ fún, ìlú ni wọ́n ti ń ṣe é, kì í ṣe inú igbó. Ìrìn ìsinmi ayé àtijọ́ ń ti oko bọ̀ wá sílé, gẹ́gẹ́ bí òwe ti wí.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ kí ọjọ́ Jàkúta tó mọ́. Olówó àti tálákà, bí ọjọ́ náà bá ti dé fún ọ̀kan, ó dé fún ìkejì.

Àwọn onígbàgbọ́ dé sí agbègbè yìí láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n mú ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje wá, wọ́n sì sọ ọjọ́ Àìkú di Ọjọ́ Ìsinmi. Iye ọjọ́ yí padà, òrìṣà yí padà, ṣùgbọ́n ìlànà náà kò yí: ọjọ́ ni, ti gbogbo ènìyàn sì ni.

Àwọn tó ní ilé méjì

Ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́rọ̀ Èkó ni nǹkan ti kọ́kọ́ yí. Ẹ jẹ́ kí a mú Kápútéènì James Pinson Labulo Davies. Oníṣòwò ńlá ni, òun ló fẹ́ Sara Forbes Bonetta, ọmọbìnrin tí Ọbabìnrin Victoria gbà tọ́, ní ìlú Brighton ní 1862. Nígbà tó yá, òwò dojú dé, gbèsè mu ún. Ní nǹkan bí 1880, ó kọjú sí ilẹ̀, ó gbin kòkó sí oko Ìjọn ní ìhà ìwọ̀ oòrùn Èkó, ọ̀kan nínú oko kòkó àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ yìí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn mìíràn tẹ̀lé e. Jacob Kẹ́hìndé Coker di ìlú-mọ̀ọ́ká àgbẹ̀ kòkó ní Ìfàkò lẹ́bàá Agége, àwọn àgbẹ̀ ńlá ibẹ̀ sì dá Agege Planters' Union sílẹ̀ ní 1907. Ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó ní 1896, tó gba Agége kọjá. Ẹni tó bá jí l'Ékòó lówùúrọ̀ lè wà lóko rẹ̀ kí oòrùn tó mú.

Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí a rí irú ènìyàn kan ní agbègbè wa: ẹni tó ní ilé nígboro, tó tún ní ilé lóko, tí kì í sì í ṣe ọwọ́ òun nìkan ló ń di ọkọ́ mú. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó wá láti ilẹ̀ òkè ni wọ́n ń gbaṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ń ṣán igbó, wọ́n ń ká kòkó, wọ́n ń sá a. Èrè tiwọn kì í ṣe owó nìkan, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́ iṣẹ́ kòkó níbẹ̀, wọ́n sì gbé irúgbìn rẹ̀ lọ sí ìlú wọn, èyí tó wà lára ohun tó sọ ilẹ̀ Yorùbá di ilẹ̀ kòkó. N kò fi èyí bu àwọn ọlọ́kọ̀ òwò yẹn. Ohun tí mo ń wí ni pé oko kò lè di ibi ìsinmi fún ẹnikẹ́ni àfi bí ẹlòmíràn bá bá a di ọkọ́ mú.

Àwọn òyìnbó ìjọba náà kọ́ ilé ìsinmi káàkiri ibi tí iṣẹ́ bá gbé wọn dé. Àwọn míṣọ́nnárì sì ṣe tiwọn. Ní 1952, òyìnbó Onítẹ̀bọmi kan láti Amẹ́ríkà, John McGee, bẹ̀rẹ̀ sí í tún Ìkọ̀gòsì ní ilẹ̀ Èkìtì ṣe, níbi tí ìsun omi gbígbóná àti ìsun omi tútù ti ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí wọ́n sì pàdé. Ó sọ ọ́ di àgọ́ ìsinmi àti àdúrà. Àwọn ará Ìkọ̀gòsì ti mọ omi náà tipẹ́tipẹ́. Ohun tuntun tó wọlé ni pé kí ènìyàn ti ọ̀nà jíjìn wá kí ó kàn jókòó tì í.

Wíkẹ́ǹdì, ọmọ ilé iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ wíkẹ́ǹdì tí gbogbo wa ń sọ yìí, ibo ló ti wá? Kì í ṣe inú oko ló ti jáde. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ ń pa obìnrin àti ọmọdé. Ní 1850, òfin kan dé pé kí wọ́n máa dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta. Díẹ̀díẹ̀ ni Àbámẹ́ta fi so mọ́ Àìkú. Ní 1926, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Ford ní Amẹ́ríkà gba ọlọ́jọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Àwọn tí ẹ̀rọ ń lù mọ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ nílò wíkẹ́ǹdì.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Ọ̀tà fi yà mí lẹ́nu. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejì 1976, ilé iṣẹ́ ti ń kún Ọ̀tà àti Agbárá nítorí pé ó súnmọ́ Èkó. Ìlú kan náà wá di ìlú ẹ̀rọ àti ìlú ìsinmi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹni tó sọ orúkọ Ọ̀tà di ohun tí gbogbo ayé gbọ́ ni Ọ̀gágun Ọbásanjọ́. Òun ni olórí ìjọba ológun nígbà tí wọ́n ṣe ètò Operation Feed the Nation ní 1976, pé kí gbogbo ènìyàn padà sóko. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1979, ó gbé ìjọba fún Alhaji Shehu Shagari, ó sì lọ sí oko rẹ̀ ní Ọ̀tà. Ohun tí ẹnu ń yà àwọn ènìyàn sí nìyẹn: olórí ìjọba ológun ní ilẹ̀ Áfíríkà tó fi ipò sílẹ̀ fúnra rẹ̀, tó lọ ń sin adìẹ! Ní 1988, ó dá Africa Leadership Forum sílẹ̀, ìjíròrò tí wọ́n pè ní Farm House Dialogue sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé, òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣòwò ń péjọ sí Ọ̀tà, jìnnà sí tẹlifóònù ọ́fíìsì, wọ́n ń jíròrò bí ilẹ̀ Áfíríkà yóò ṣe dára. Bẹ́ẹ̀ ni oko di ibi tí ẹni ńlá ti ń ronú. Oko náà kò sì gbà á lọ́wọ́ ìṣòro ìlú, nítorí pé ìjọba Abacha mú un ní 1995, ẹ̀wọ̀n ló sì wà títí di 1998, kí wọ́n tó dìbò yàn án ní 1999. Ọlọ́kọ Ọ̀tà náà ni géètì Ṣàngó wó lábẹ́ ìjọba rẹ̀.

Ìsinmi mẹ̀kúnnù

Kí ẹ má rò pé olówó nìkan ló ń jáde kúrò l'Ékòó o. Mẹ̀kúnnù náà ń jáde, ọ̀nà tirẹ̀ sì ni ìjọ Ọlọ́run. Ní oṣù Kẹsàn-án 1999, ìjọ Living Faith ti Bíṣọ́ọ̀bù David Oyèdépò ya Faith Tabernacle sí mímọ́ ní Canaanland, Ọ̀tà, ilé ìjọsìn tí àga rẹ̀ jẹ́ 50,400. Ní ọdọọdún, ní oṣù Kejìlá, àìmọye èrò ni ń wá sí ìpàdé Shiloh níbẹ̀. Ìjọ Ìràpadà ti ṣáájú wọn, láti 1983 ni àgọ́ wọn ti wà lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Àwọn Mùsùlùmí náà kò gbẹ́yìn. NASFAT, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995, ọjọ́ Àìkú ni wọ́n mú fún Asaláátù wọn, nítorí pé ọjọ́ náà ni iṣẹ́ kò sí.

Ẹlòmíràn yóò ní, èwo ni ìsinmi nínú kí ènìyàn gbàdúrà mọ́jú? Ṣùgbọ́n ẹ bi obìnrin tó ń ta ẹ̀wà ní Ìyánà-Ìpájà. Yóò sọ fún yín pé àgọ́ nìkan ni ibi tí òun ti ń fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko wà láìsí ẹni tó ń bi òun ní owó ilé. Ó gbé ẹní dání, ó gbé gààrí dání, ẹgbẹ́ rẹ̀ yí i ká. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ọjọ́ Jàkúta àtijọ́ ló ń pa mọ́ lábẹ́ orúkọ mìíràn: ọjọ́ tí Ẹlẹ́dàá ni, tí ọ̀gá iṣẹ́ kò lè fọwọ́ kàn.

Ẹni tó ń fọ aṣọ ibùsùn

Èmi náà ti lo Ẹtì di Àìkú ní ilé ìsinmi kan lẹ́yìn Ọ̀tà. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ibi tó dára ni. Igi máńgòrò wà níbẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́, ẹja tútù wà nínú ọbẹ̀. Mo sùn títí oòrùn fi là, èyí tí n kò ṣe láti bí ọdún kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo rí ìyá kan lẹ́yìn ilé tó ń sá aṣọ ibùsùn, ó tó ogún lórí okùn.

Mo ní, "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Oò, ẹ ṣé, sà. Ẹ kú ìgbádùn."

Mo bi í pé ọjọ́ wo ni òun ń sinmi.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìsinmi kẹ̀? Ọjọ́ tí ẹ̀yin àlejò ò bá wá ni. Ọjọ́ Ajé nígbà míì. Ṣùgbọ́n t'áwọn ilé iṣẹ́ bá ti wá ṣèpàdé, kò sí Ajé, kò sí Àìkú." Ó fi ẹnu júwe ibi tí mo páàkì ọkọ̀ sí. "Ibẹ̀ yẹn, oko bàbá ọkọ mi ni. Ẹ̀gẹ́ ló kún ibẹ̀. Ẹbí tà á, wọ́n pín owó, owó tán. N ò bínú o, sà. Ibí ni mo ti ń rí owó ilé-ìwé ọmọ."

Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó ń lọ. N kò rí ọ̀rọ̀ míì sọ ju "Ọlọ́run á bá wa ṣe é" lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń yẹ òfin wò. Òfin iṣẹ́ ti 1974 ní ilẹ̀ wa sọ ọ́ kedere pé láàárín ọjọ́ méje, òṣìṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjọ́ ìsinmi kan, tí kò gbọdọ̀ dín ní wákàtí mẹ́rìnlélógún tó tẹ̀léra. Ó tún ní kí ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù méjìlá gba ìsinmi tí kò dín ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, kí wọ́n sì san owó rẹ̀ fún un. Òfin náà kò mẹ́nu kan igi máńgòrò tàbí atẹ́gùn. Ọjọ́ ló ń sọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti ń sọ ọ́.

Ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí nìyẹn. Nígbà tí ìsinmi jẹ́ ọjọ́, kò sí bí a ṣe lè fi ọgbà yí i ká. Nígbà tó di ibì kan, ó di ohun tí a ń tà, ẹni tó bá ní ọgbà sì di oníbodè. Géètì ìjọba ti wó ní Ṣàngó, èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà ìsinmi ṣì dúró.

N kò sọ pé kí ẹni tó lágbára má lọ o. Ẹ máa lọ. Ara kì í ṣe irin. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ yára ṣí ojú wo ẹni tó gbé oúnjẹ síwájú yín, kí ẹ sì bi ọ̀gá ibẹ̀ pé ọjọ́ wo ni tirẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ ọ̀gá ilé iṣẹ́, tàbí tí ẹ ní ọmọ ọ̀dọ̀ kan ṣoṣo nílé, ẹ fún un ní ọjọ́ rẹ̀ ní pípé, ẹ má fi owó rà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá sì rí owó ilé ìsinmi, tó jẹ́ pé Toll Gate ló ń gbé tó sì ń ṣiṣẹ́, kí ó mú ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀, kí ó pa á mọ́. Kí ó wẹ̀, kí ó jẹun, kí ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, kí ó jẹ́ kí fóònù máa dún lásán. Ilé náà ṣì ni àbọ̀ sinmi oko.

Ẹ kú ìsinmi o.